Ẹní Ijó Méjì Nínú Pálọ̀ Wa

Bí ẹnikẹ́ni bá ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé lẹ́yìn tí mo ti kọ́ ọmọ níwèé fún ọdún mọ́kànlá, n óò dúró lórí ẹní rọ́bà nínú pálọ̀, kí n máa fi ẹsẹ̀ tẹ ọfà bí ẹni tó ń pa aáyán, n óò ní olúwarẹ̀ fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Àmọ́ mo dúró lórí rẹ̀. Gbogbo ìsinmi ọlọ́jọ́ gígùn tó kọjá ni mo fi dúró lórí rẹ̀, tí mo ń làágùn, tí orí mi sì ń dàrú. Nítorí ọmọ kan ni.

Ọmọ ọkọ mi ni. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni, tẹ́ẹ́rẹ́, ẹlẹ́sẹ̀ gígùn. Ìyá rẹ̀ ti kú kí èmi tó mọ bàbá rẹ̀ rárá, ìyá ìyá rẹ̀ ní Emùré ló sì gbà á tọ́. Nígbà tí bàbá rẹ̀ fẹ́ mi, tí mo kó wá sílé rẹ̀ ní Ìkéré, ó ní òun fẹ́ kí ọmọ òun padà sọ́dọ̀ òun. Ìyá àgbà kò kọ̀, kò sì gbà. Ohun tí wọ́n fẹnu kò sí ni pé kí ọmọ wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ wa, bí ilé-ìwé bá fẹ́ wọlé, kí òun fúnra rẹ̀ sọ ibi tó fẹ́ máa gbé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré ni wọ́n fún mi. Mo fẹ́ kó dúró. N kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni nígbà náà, ṣùgbọ́n mo fẹ́ ẹ débi pé mò ń fi í lálàá. Ọkọ mi rò pé nítorí òun ni mo ṣe ń sáré kiri. Kì í ṣe nítorí rẹ̀. Èmi kò tíì bímọ, ilé náà tóbi, ó sì dákẹ́ jù fún mi.

Ìyá mi ní ìlú Ọ̀rún ti kìlọ̀ fún mi kí n tó kẹ́rù. Ó ní, "Ọmọ kí o bá núlé, ọkọ rẹ ni. Mọ́ ṣe pè é lórúkọ, mọ́ ṣe bá a du nǹkan." Gbogbo ilé ló mọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ tiwa. Ọmọ tí wọ́n ti bí sílé kí ìyàwó tó wọ̀ ọ́, kódà bó ṣì ń rákòrò, ọkọ ìyàwó ni. Mo kàwé, mo ní ìwé ẹ̀rí tíṣà, mo sì ń wọ mọ́tò lọ kọ́ ọmọ ní ìlú Ìṣẹ́ láràárọ̀, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí kò kúrò lára mi. "Ọkọ mi" ni mo ń pe ọmọ náà, nígbà mìíràn mo máa ń pè é ní "Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́". N kò ní pè é lórúkọ níbí náà.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ le fún mi. Ọmọ náà kò yájú, kò sì ṣọ̀lẹ. Bí mo bá gbé oúnjẹ fún un, á kúnlẹ̀, á ní "Ẹ ṣé mà," á sì jẹ ẹ́ tán. Etí àga ló máa ń jókòó sí, bí ẹni tó ń retí kí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ ní ọsibítù. Aṣọ rẹ̀ kò kúrò nínú báàgì. Mo ti pa kọ́bọ́ọ̀dù mọ́ dè é, mo ti to àwọn háńgà sínú rẹ̀, òfìfo ni wọ́n wà. Mo bi í pé ṣé kò sí nǹkan. Ó ní kò sí nǹkan mà. Ta ló lè bá irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ jà?

Ohun kan ṣoṣo tó tú jáde nínú ẹrù rẹ̀ ni ẹ̀rọ ijó kan. Àbúrò bàbá rẹ̀ tó wà lókè òkun ló rà á fún un. Àpótí dúdú pẹlẹbẹ kan ni, tí wọ́n ń so mọ́ tẹlifíṣọ̀n, ẹní rọ́bà méjì sì bá a wá. Wọ́n ya ọfà mẹ́rin sórí ẹní kọ̀ọ̀kan: iwájú, ẹ̀yìn, ọ̀tún àti òsì. Orin á bẹ̀rẹ̀, ọfà á máa gòkè lójú tẹlifíṣọ̀n láti ìsàlẹ̀. Bó bá ti kan òkè gẹ́lẹ́ ni kí o fi ẹsẹ̀ tẹ irú rẹ̀ lórí ẹní. Bí o bá yára jù, o ti ṣì í. Bí o bá pẹ́, o ti ṣì í náà nìyẹn. Ìyá àgbà kò jẹ́ kó tàn án rí ní Emùré. Ó ní lójú ayé òun, òun kò tíì rí ẹni tó ń jó nígbà tí kò sẹ́ni tó bímọ, tí kò sẹ́ni tó kọ́lé.

Ọ̀sán ọjọ́ kan tí iná dé, mò ń se ẹ̀wà lọ́wọ́, ó yọjú sí mi ní kíṣìnì. Ó ní, "Ẹ fẹ́ jó mà?" Ohun àkọ́kọ́ tó bi mí láti ìgbà tó ti dé nìyẹn. Mo fi ẹ̀wà sílẹ̀ lórí iná, mo tẹ̀ lé e. Ẹ̀wà náà jóná, n kò sì kábàámọ̀ rẹ̀.

Kí ijó tó bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rọ náà á kọ́kọ́ máa bi ọ́ ní ìbéèrè bí ọlọ́pàá ojú ọ̀nà. Ṣé ìwọ nìkan ni, àbí ẹ̀yin méjì? Ṣé ìdánrawò ni? Ṣé ìdíje ni? Ṣé ti ẹni tó fẹ́ dín ọ̀rá kù ni? Bí o bá dáhùn ìyẹn tán, ó ku bí ijó náà yóò ṣe le tó. Ìpele márùn-ún ló wà níbẹ̀, gbogbo rẹ̀ lédè Òyìnbó, kálukú pẹ̀lú àwọ̀ tirẹ̀. Tíṣà ni mí. Mo gbà pé ẹni tí kò bá tíì yege ní kíláàsì kìíní kò gbọ́dọ̀ wọ kíláàsì kejì. Mo sọ fún un pé kí a jó gbogbo orin tó wà ní ìpele kìíní tán kí a tó sún síwájú.

Ó ní, "Ẹ lè wọ èyí tó bá wù yín mà. Kò sẹ́ni tó máa lé yín padà."

Ọ̀rọ̀ yẹn bí mi nínú díẹ̀. Irú ilé-ìwé wo nìyẹn? Orí mi tún dàrú sí i nígbà tí mo rí i pé orin tó ń lọ jẹ́jẹ́ lè ní ọfà púpọ̀, tí èyí tó ń sáré bí ẹni tí ajá ń lé yóò sì ní díẹ̀. Nígbà tí a wọ ti ẹni tó fẹ́ dín ọ̀rá kù, mo rí nọ́ńbà ńlá kan lójú tẹlifíṣọ̀n, mo sì ń yọ̀ pé mo gba máàkì. Ó ní kì í ṣe máàkì mà, oúnjẹ tí ẹ ti lò nínú ara yín ni.

Ìdíje ló fẹ́ràn jù. Nínú ìdíje, ọ̀pá iná tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lókè lápá ọ̀tún, òmíràn sì wà lápá òsì. Ó ní ẹ̀mí wa nìyẹn, kálukú pẹ̀lú tirẹ̀. Bí o bá ṣì í, ẹ̀mí rẹ á dín, bó bá tán, ijó rẹ parí. Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, ó nà mí bí ẹni na bàrà. Ní ọjọ́ kẹta, mo ṣàkíyèsí pé ẹsẹ̀ mi ti ń mọ̀ ọ́n. Mo ti wà nínú ẹgbẹ́ akọrin láti kékeré, a máa ń jó wọ ṣọ́ọ̀ṣì, etí mi sì mọ ibi tí ẹsẹ̀ ti ń bọ́ sílẹ̀. Mo rí i pé bí mo bá tẹra mọ́ ọn, mo lè borí rẹ̀. Ìgbà náà ni mo rántí ìyá mi. Ta ni mo jẹ́ tí n óò na ọkọ mi nínú ilé bàbá rẹ̀? Yàtọ̀ sí ìyẹn, mo fẹ́ kí inú rẹ̀ dùn sílé náà. Ẹni tó bá ń borí lójoojúmọ́ kò ní fẹ́ kúrò níbi tó ti ń borí. Bí mo ṣe rò ó nìyẹn.

Nítorí náà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í mọ̀ọ́mọ̀ ṣì í. Ẹ má rò pé iṣẹ́ kékeré ni. Bí o bá ṣì í jù, ọmọ á mọ̀. Mo kọ́ bí mo ṣe lè fi ẹsẹ̀ òsì pẹ́ díẹ̀, kí n sì máa mí hẹlẹhẹlẹ bí ẹni tó ń sa gbogbo agbára rẹ̀. Ọkọ mi á ti ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ dé, á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á ní, "Ẹ kú ijó o." Á wò wá, á sì lọ wá oúnjẹ fúnra rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo gbàgbé ara mi. Orin náà ló dùn. N kò mọ ìgbà tí ẹsẹ̀ mi gbà á lọ́wọ́ mi, gbogbo ọfà ni mo tẹ̀ bó ṣe yẹ, ọ̀pá ẹ̀mí mi kún dẹ́nu. Mo gbójú sókè, mo rí i pé mo ti fẹ́ borí. Ẹ̀rù bà mí, mo sì yára ṣì mẹ́fà ìgbẹ̀yìn. Nígbà tí mo wo ọmọ náà, ojú rẹ̀ ń dán. Ó ní, "Ẹ mọ̀ ọ́n jó! Ẹ mọ̀ ọ́n jó mà." Mo ní rárá o, àṣìṣe ni. Mo rò pé ó ń bẹ̀rù kí n má lọ borí òun ni.

Láti ọjọ́ kejì ni nǹkan ti yí padà tí n kò sì mọ ìdí rẹ̀. Ó tẹ́ ẹní méjèèjì sún mọ́ ara wọn. Ó fúnra rẹ̀ dáhùn gbogbo ìbéèrè ẹ̀rọ, ó ní kí n dúró. Nígbà tí orin bẹ̀rẹ̀, mo rí i pé ọ̀pá ẹ̀mí ti di ẹyọ kan, àárín ló sì wà. Mo rò pé tẹlifíṣọ̀n wa ló gé èkejì kúrò, torí pé ó ti ń ṣe ségesège tẹ́lẹ̀. Mo rò pé kí n tilẹ̀ fi kún ṣíṣì mi, kó má baà tún rò pé mo fẹ́ gba ipò mọ́ òun lọ́wọ́. Bí orin ṣe dé àárín, ẹ̀rọ pariwo, gbogbo rẹ̀ sì dúró. Ó ní kí a tún un ṣe. A tún un ṣe, ó tún dúró. Mo ní bóyá iná ni kò dára. Ó ní kì í ṣe iná mà.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án la fi ṣe bẹ́ẹ̀. Lójoojúmọ́ ló ń dín bí ijó náà ṣe le kù, títí a fi padà sí ìpele kìíní, èyí tí ọmọ ọdún mẹ́rin lè jó. Èmi náà ń wá bí n óò ṣe ṣì í níbi tí kò sí ohun tí ènìyàn lè ṣì. Ẹ̀rọ ń pariwo, ijó ń dúró. N kò lóye rẹ̀ mọ́. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ó sọ̀ kalẹ̀ lórí ẹní, ó ní, "Ẹ ẹ̀ fẹ́ ni mà."

Mo ní, "Kí ni mi ò fẹ́, ọkọ mi?"

Ó ní, "Kò sí nǹkan mà." Ó ká ẹní rẹ̀, ó fi ti ogiri. N kò rí i kó tún un tẹ́ mọ́.

Ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, ìyá àgbà ti Emùré dé. A jókòó sí pálọ̀, àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ìyá àgbà bi í pé, "Ọmọ mi, wí i fún mi. Ulé baba rẹ lo fẹ́ gbé ni, àbí ulé mi?" Kò tilẹ̀ ronú. Ó ní Emùré. Báàgì rẹ̀ kò gba ìṣẹ́jú márùn-ún láti gbé, nítorí pé kò tú u láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìyá àgbà ní òun kò gba ẹ̀rọ ijó sínú mọ́tò, bẹ́ẹ̀ ló ṣe kù sílẹ̀ fún wa. Mo rẹ́rìn-ín sí wọn títí mọ́tò fi ṣí. Mo wọlé, mo sì ti ilẹ̀kùn balùwẹ̀ mọ́ra mi. Ọkọ mi ní ọmọdé ni, á gbàgbé. Inú bí mi sí i ju bó ṣe yẹ lọ.

Ọjọ́ Ajé, mò ń gbá pálọ̀ nígbà tí iná dé. Tẹlifíṣọ̀n tàn fúnra rẹ̀, àpótí dúdú náà sì tàn. Ojú ibi tí ọmọ náà ti yan ijó kẹ́yìn ló gbé jáde. Mo rí àwòrán ẹni méjì tí wọ́n di ọwọ́ ara wọn mú, mo sì rí ọ̀rọ̀ wẹ́wẹ́ tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀, tí n kò bìkítà fún rí. Mo lọ mú awò ojú mi. Ohun tó wà níbẹ̀ kò ju ìlà méjì lọ. Àjọjó ni wọ́n pè é. Ó ní ẹni méjì ló ń jó o, ẹ̀mí kan ṣoṣo ni wọ́n ní, máàkì kan ni wọ́n ń gbà, bí ẹnì kan bá ṣì í, àwọn méjèèjì ló ṣì í.

Mo jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ń pariwo sí àwọn ọmọ kíláàsì mi pé kí wọ́n ka ìtọ́ni kí wọ́n tó dáhùn. Ọmọ yìí rí i pé mo mọ̀ ọ́n jó, ó sì ní kí a fi ẹ̀mí kan jó o, èmi ń fi ẹsẹ̀ òsì pa ẹ̀mí náà lójoojúmọ́, mo rò pé mò ń bọ̀wọ̀ fún un. Mo gbìyànjú láti ya àwọn tí mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣì sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn tí ẹsẹ̀ mi ṣì fúnra rẹ̀. N kò lè yà wọ́n. Mo ti mọ̀ọ́mọ̀ ṣì í pẹ́ débi pé n kò mọ̀ bóyá mo lè jó o mọ́.

Sátidé, mo kó àpótí àti ẹní méjèèjì sínú àpò ńlá kan, mo wọ mọ́tò dé Ìṣẹ́, mo tún wọ òmíràn dé Emùré. Mo bá ìyá àgbà níta, ó ń fi ẹsẹ̀ tú kòkó tó sá. Ọmọ náà jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó ń fi èèpo tuntun bo ìwé rẹ̀ fún ilé-ìwé.

Ìyá àgbà ní, "Ìyàwó, kí lo í gbé kiri báun?" Nígbà tí mo kó ẹní rọ́bà méjèèjì jáde sílẹ̀, ó ní, "Ijó kí mo ní kí an mọ́ tàn núlé mi rèé o."

Mo kí wọn tán, mo jókòó ti ọmọ náà. N kò mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ní, "Ọkọ mi, mò ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣì í ni."

"Kí ni ẹ ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣì mà?"

"Ijó. Láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Kí o lè máa borí."

Ó gbé ìwé kalẹ̀. "Kí ló dé?"

"Ọkọ mi ni ọ́. N kò gbọ́dọ̀ bá ọ du ipò nílé rẹ."

Ìyá àgbà dúró láàárín kòkó, kò tú u mọ́. Ọmọ náà ní, "Ṣùgbọ́n àjọjó ni mo fi sí. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ gàdàgbà."

"N kò kà á."

"Tíṣà ni yín mà."

"Mo mọ̀."

Ìyá àgbà bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ náà kò rẹ́rìn-ín. Ó ń fi ọwọ́ ra ẹ̀yìn ìwé rẹ̀, ó ní, "Mo rò pé ẹ fẹ́ kó tètè tán ni. Kí ẹ lè ráyè lọ ṣe iṣẹ́ yín."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Mo ní, "Kò sí iṣẹ́ kankan tí mo ní. Mo fẹ́ kí o wà lọ́dọ̀ wa. Mo ti fẹ́ ẹ láti ọjọ́ tí o ti dé." Ó jáde lẹ́nu mi bẹ́ẹ̀, níwájú ìyá àgbà, tí n kò sì tọrọ gáfárà.

Ó ní, "Wọ́n ti rán yunifọ́ọ̀mù mi."

"Mo mọ̀. N kò wá mú ọ. Ẹ̀rọ yìí ni mo gbé wá, tìrẹ ni."

Ó wo àpò náà. Ó ní, "Ẹ gbé e padà mà."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ká ẹní náà. Mo ń sọ nínú mi pé ó tọ́ sí mi, ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ da omi nù kò lè bá ilẹ̀ jà. Ọmọ náà sì wá di etí ẹní kejì mú, ó ń bá mi ká a.

Ó ní, "Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ níbí, kí ni n óò máa wá ṣe n'Ìkéré ní Sátidé?"

Mo wo ìyá àgbà. Ìyá àgbà ti padà sídìí kòkó rẹ̀, kò wo ibi tí a wà. Ó ní, "Mọ́tò Ìkéré kè é pẹ́ kún láàárọ̀ Sátidé."

N kò rántí ohun tí mo sọ fún ẹnikẹ́ni nínú mọ́tò. Nígbà tí mo dé ilé, ọkọ mi rí àpò lọ́wọ́ mi, ojú rẹ̀ sì fà ro. Ó ní, "Ó kọ̀ ọ́?" Mo ní ó kọ̀ ọ́. Mo jókòó sórí àga, mo bú sẹ́kún, ọkọ mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ mí pé kí n má dá ara mi lóró, ọmọdé ni, ó ṣì máa mọ̀ wá. Bí mo ṣe fẹ́ ṣàlàyé ni ẹ̀rín ń dá ẹkún mọ́ mi lẹ́nu. Mo ní kó yéé bẹ̀ mí, kó bá mi tẹ́ ẹní kan sílẹ̀, nítorí pé Sátidé ń bọ̀ lọ́nà, mo sì gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n jó kó tó dé.